Ta Ló Ni Ìdàrọ́?

Yorùbá ní orúkọ fún ohun tó máa ń ṣẹ́kù sí ìdí ìléru lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ́ irin tán. Ìdàrọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú, ó wúwo, ó ní ihò wẹ́wẹ́ lára bíi búrẹ́dì tó jóná, ó sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju ilé àwọn tó yọ́ irin náà lọ. Bí ẹ bá ń rìn nínú àwọn oko kan lágbègbè Ọ̀yọ́ lónìí, ẹsẹ̀ yín lè gbá a. Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ti lọ, ìléru wọn ti wó, irin tí wọ́n rí níbẹ̀ ti di ọkọ́ àti àdá, ọkọ́ àti àdá náà sì ti jẹ tán nínú oko. Ìdàrọ́ nìkan ló kù. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy bá iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é, ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, ó sì kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àwọn onímọ̀ irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. Irin òkèèrè tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé ló wá pa ìléru wa.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà nítorí pé kò jọ èébú. Àwọn baba wa kò pe ohun yìí ní pàǹtí. Àwọn oníṣègùn ń lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu, ó sì ní àyè tirẹ̀ lójúbọ Ògún. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi nínú àròkọ yìí wá láti inú ọ̀rọ̀ náà, orílẹ̀-èdè tí mo ń gbé, ìyẹn Gabon, ni mo sì fẹ́ bi í lé lórí: nígbà tí àwọn awakùsà bá kó irin lọ tí wọ́n fi ìdàrọ́ sílẹ̀, ta ló ni ìdàrọ́? Ta ló ni ín nígbà tí kò níyì, ta ló sì ni ín lọ́jọ́ tó bá di owó?

Libreville ni mo wà. Ohun èlò iná ni mò ń tà ní ọjà Mont-Bouët. Ènìyàn lè gbé ìlú yìí fún ọdún mẹ́wàá kó má fojú kan ibi ìwakùsà kankan. Òkun ni à ń rí, àti igbó, àti ọkọ̀ takisí. Ohun tó ń rán wa létí pé ilẹ̀ yìí ń tú ikùn rẹ̀ jáde ni ọkọ̀ ojú irin gígùn tó ń wọ Owendo, létí ìlú, tí erùpẹ̀ dúdú kún inú rẹ̀ bámúbámú. Manganese ni. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ irin kí irin lè le, kí ó sì lè ṣeé lò fún ojú irin, afárá àti ara mọ́tò. Ní gbogbo ayé, Gúúsù Áfíríkà nìkan ló ń wà á jù wá lọ.

Moanda ló ti ń wá, ní ẹkùn Haut-Ogooué. Ọdún 1953 ni wọ́n dá COMILOG sílẹ̀ láti máa wà á. Owó Faransé wà nínú rẹ̀, owó U.S. Steel ti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Gabon kò tíì gba òmìnira nígbà náà. Nígbà tí òkúta àkọ́kọ́ jáde lọ sí òkèèrè ní 1962, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ni, kò sì sí ojú irin kankan ní Gabon. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ta okùn irin sójú ọ̀run. Láti Moanda títí dé Mbinda lórílẹ̀-èdè Congo, kìlómítà 76, garawa irin ń gba orí igbó kọjá ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tọ̀sán-tòru. Ó wà lára àwọn tó gùn jù lọ láyé nígbà náà. Ní Mbinda ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbà á, ó di Pointe-Noire, ó di òkun. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ọlà Gabon ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ jáde, ará Libreville kò sì mọ àwọ̀ eruku rẹ̀. Ìjọba Omar Bongo ló wá la ojú irin Transgabonais. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ó sì dé Franceville ní oṣù Kejìlá 1986, nǹkan bíi kìlómítà 650 gba inú igbó kìjikìji. Láti ìgbà náà ni manganese ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Owendo.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nìyẹn, ó sì wà nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Omi ìfọ̀ ni tèmi dá lé lórí.

Òkúta tí wọ́n bá wà lórí òkè tẹ́jú Bangombé kì í lọ tààrà sínú ọkọ̀. Wọ́n máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi omi fọ amọ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì jọ̀ ọ́ bí a ṣe ń jọ èlùbọ́. Èyí tó tóbi ni oníbàárà ń fẹ́, torí pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè gba àárín òkúta kọjá nínú ìléru. Bí wọ́n bá da lẹ́búlẹ́bú sí i, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á dí, iṣẹ́ á bàjẹ́. Nítorí náà lẹ́búlẹ́bú manganese kò lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé manganese gidi ni. Inú odò Moulili tó wà nísàlẹ̀ ni òun àti omi ìfọ̀ jọ ń ṣàn lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ láti àwọn ọdún 1960, ọdún gorí ọdún, títí ẹrẹ̀ dúdú fi kún ìsàlẹ̀ odò, tí odò kò sì mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́.

Mo ní oníbàárà kan, bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ Moanda. Wáyà ló máa ń rà lọ́wọ́ mi. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun kì í jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ funfun ní Moulili. Mo bi í bóyá inú ń bí wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò mi, ta ni à bá bínú sí? Ibẹ̀ náà ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́."

Ẹ fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn, torí pé òótọ́ tó ṣòro wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ba odò jẹ́ náà ló ń bọ́ ilé. Òun ló san owó iléèwé bàbá yìí. Àwọn tó wà lókèèrè tí wọ́n ń kọ̀wé nípa ìwakùsà máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò lójú. Wọ́n lójú. Wọ́n rí odò, wọ́n sì rí oúnjẹ.

Ní 2000, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Moanda tó ń fi ooru so lẹ́búlẹ́bú pọ̀ di òkúta tó ṣeé rọ sínú ìléru. Láti ìgbà yẹn ni lẹ́búlẹ́bú ti di ọjà. Nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 2010, wọ́n kọjú sí odò Moulili fúnra rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n ń ya manganese inú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ń wá bí odò ṣe máa padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Eramet, kọ́ńpìnnì Faransé tó ni ìpín tó pọ̀ jù nínú COMILOG lónìí, máa ń fi iṣẹ́ yìí hàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àtúnṣe àyíká. Mi ò ní bú wọn fún un. Odò tí wọ́n ń fọ̀ sàn ju odò tí wọn kò fọ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wo bí ọdún ṣe tò léra. Ọjà lẹ́búlẹ́bú ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni àánú odò dé. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú kò rí ẹni rà á títí di òní, mi ò gbà pé ọkọ̀ katakata kankan á ti wọ Moulili.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní Moanda, eérú kò tọ ẹni tó dà á. Ó tọ àwọn tó ń pọnmi, ó sì gbé ọ̀dọ̀ wọn fún ogójì ọdún. Nígbà tí eérú wá di owó, ẹni tó dà á ló padà wá kó o. Ìwé àṣẹ ìwakùsà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ni òfin ti gbà pé ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ ti ẹni tó ni ìwé àṣẹ níwọ̀n ìgbà tí àṣẹ náà kò bá tíì kú. Àwọn tó gbé ìdàrọ́ náà mọ́ra kò sí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi bátìrì díẹ̀, torí ọjà mi ni. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wa mọ̀, àwọn irin méjì ló ń fún un lágbára. Ìgò ara rẹ̀, síǹkì ni. Dúdú tó wà nínú rẹ̀, manganese ni wọ́n pò mọ́ èédú. Òkúta Moanda dára fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣe bátìrì kárí ayé sì fi ń rà á. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé ohun tí à ń fọ́ lẹ́yìn kíláàsì nígbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Gabon wá. Bí pátákó ìkọ̀wé bá ti ń funfun, tíṣà á ní kí olúkúlùkù mú bátìrì tó ti kú wá láti ilé. A ó fọ́ ọ, a ó gún dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé, a ó sì fi kun pátákó títí yóò fi dúdú kirikiri. Ọwọ́ wa kì í mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ará Áfíríkà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún ohun àlòkù lò, kò jókòó ní kíláàsì wa rí. Ìgò síǹkì náà ńkọ́? Ààtàn ni à ń jù ú sí.

Mo padà sí Haut-Ogooué, torí ìlú kejì wà níbẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Mounana kò jìnnà sí Moanda. Uranium ni wọ́n wà níbẹ̀, láti 1961 títí di 1999. COMUF, kọ́ńpìnnì tí Faransé dá sílẹ̀, ló ń wà á, ilẹ̀ Faransé náà sì ni uranium ń lọ. Láti 1961 títí di 1975, inú odò Ngamaboungou ni wọ́n ń da ohun tó ṣẹ́kù sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ásíìdì yọ uranium, ó sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù. Àjẹkù uranium kò rí bí àjẹkù manganese. Ìtànṣán tó ń ba ara jẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Wọ́n tilẹ̀ fi òkúta ibi ìwakùsà kọ́ àwọn ilé òṣìṣẹ́ kan, títí di ìgbà tí wọ́n wọn ìtànṣán inú ilé, tí wọ́n wá rí i pé kò yẹ kí ènìyàn sùn síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1972. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Pierrelatte nílẹ̀ Faransé, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń wọn uranium tó wá láti Oklo, ní Mounana níhìn-ín. Irú uranium tí wọ́n ń pè ní 235 yẹ kó jẹ́ 0.7202 nínú ọgọ́rùn-ún. 0.7171 ni wọ́n rí. Ohun tí kò pé náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣirò ọjà kankan kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nítorí rẹ̀. Àmọ́ uranium 235 ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣèèṣì sọ ọ́ nù. Wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan dé èkejì títí wọ́n fi dé ìdí kòtò ní Oklo, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ̀ pé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Gabon ti dáná irú èyí tó ń jó nínú ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ìyanu ni. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo déètì rẹ̀. Ní 1972 tí wọ́n ń wá 0.0031 tó sọnù, ẹrẹ̀ uranium ṣì ń lọ sínú Ngamaboungou lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́ta sí i ló tó dáwọ́ dúró. Àwọn tó lè ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní Pierrelatte kì í ṣe ẹni tí a lè sọ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà nínú odò.

Nígbà tó yá, wọ́n fi erùpẹ̀ bo àwọn ibi tí àjẹkù uranium wà ní Mounana. Kò sí ẹni tó kó o lọ tà, nítorí kò sí owó lórí rẹ̀. Odò méjì nìyí ní ẹkùn kan náà. Èyí tí ẹrẹ̀ rẹ̀ níye lórí, wọ́n gbé katakata lọ kó o. Èyí tí ẹrẹ̀ rẹ̀ léwu jù, wọ́n da aṣọ bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ewu ni wọ́n fi ń to iṣẹ́ àtúnṣe, Mounana ni ì bá kọ́kọ́ rí katakata.

Àwọn kan á sọ pé ìtàn àtijọ́ ni mò ń sọ, pé òkúta là ń kó lọ nígbà náà, wọ́n ń lọ yọ́ ọ nílẹ̀ òkèèrè, nísinsìnyí ìjọba fẹ́ kí á máa yọ́ ọ nílé. Òótọ́ ni. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba Ààrẹ Brice Oligui Nguema kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2029, òkúta manganese tí wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan sí kò gbọdọ̀ jáde ní Gabon mọ́. Gabon ti ṣe irú rẹ̀ rí fún igi gẹdú, tí wọ́n fòfin de gbígbé odindi igi jáde láti 2010. Mo fara mọ́ òfin manganese yìí. Orílẹ̀-èdè tó bá ń ta òkúta yóò máa ra ṣíbí lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ni. Àmọ́ bí a bá gbé ìléru wálé, ìdàrọ́ rẹ̀ náà ń bọ̀ wálé. Ìtàn síǹkì ló lè jẹ́ kí á mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí.

Síǹkì ní ìwà kan tí irin kò ní. Bí ooru bá ti tó ìwọ̀n 907, ó ti hó, ó ti di èéfín, ó sì ti bá ẹnu ìléru jáde. Ìdí nìyí tó fi pẹ́ kí aráyé tó rí i lójú. Síǹkì wà nínú idẹ láti ayébáyé, ó wà lára àwọn kan nínú orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, àmọ́ àwọn tó rọ idẹ àtijọ́ kò nílò láti rí síǹkì ní òun nìkan. Èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí bàbà gbà sára. Àwọn ará Zawar nílẹ̀ Íńdíà ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń mú èéfín náà padà di irin lọ́pọ̀ yanturu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ ọ́n títí di 1738, nígbà tí William Champion gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Bristol.

Lóde òní, ásíìdì àti iná mànàmáná ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á sun òkúta síǹkì, wọ́n á yọ́ ọ sínú ásíìdì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi iná mànàmáná fa síǹkì jáde. Ohun tó kù sínú asẹ́ ni ìdàrọ́ rẹ̀. Irin wà nínú rẹ̀, òjé wà, fàdákà lè wà, síǹkì tí kò yọ́ náà á wà, nígbà mìíràn ẹ ó bá germanium àti indium tí wọ́n ń lò fún okùn íntánẹ́ẹ̀tì àti ojú fóònù. Láti gba síǹkì tó ṣẹ́kù, àwọn ará Jámánì ṣe ìléru gbọọrọ kan ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tó ń yí bí àgbá. Wọ́n ń da ìdàrọ́ àti èédú sínú rẹ̀, síǹkì á tún di èéfín, wọ́n á sì gbá eruku rẹ̀ jọ níwájú. Ìwà tó ń jẹ́ kí síǹkì sá mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ náà ni wọ́n fi mú un. Iye owó àwọn irin kékeré náà sì ti lọ sókè, pàápàá láti oṣù Kẹjọ 2023 tí Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká germanium lọ́wọ́ kò. Ní Lubumbashi lórílẹ̀-èdè Congo Kinshasa, òkìtì ìdàrọ́ bàbà kan wà láàárín ìlú tó ga bí òkè. Wọ́n ti gba kóbáltì àti síǹkì lára rẹ̀, nígbà tó sì di 2024, STL tó jẹ́ ti Gécamines bẹ̀rẹ̀ sí í ta germanium inú rẹ̀ fún Umicore ti Belgium.

Kabwe ní Zambia ni kí àwọn tó ń kọ òfin ní Libreville lọ wò dáadáa. Broken Hill ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún títí di 1994 tí wọ́n tì í, wọ́n ń wa òjé àti síǹkì níbẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ wọn níbẹ̀ gan-an. Ohun tí Gabon ń fẹ́ ní 2029, Kabwe ti ní in tipẹ́. Irin lọ, ìdàrọ́ kù: òkìtì síǹkì, òkìtì òjé, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Òkè Dúdú. Atẹ́gùn ń fẹ́ eruku òjé náà wọ inú ilé, àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í tún ṣe. Ní 2016, Báńkì Àgbáyé yá Zambia lówó fún àtúnṣe, síbẹ̀ òkìtì wà níbẹ̀.

Ní 2020, àwọn agbẹjọ́rò pe Anglo American lẹ́jọ́ ní Johannesburg lórúkọ àwọn ìyá àti ọmọ Kabwe. Kọ́ńpìnnì náà fèsì pé òun kọ́ ló ni ibi ìwakùsà náà, òun kọ́ ló sì ń darí rẹ̀. Adájọ́ kọ ẹ̀bẹ̀ wọn ní oṣù Kejìlá 2023, ẹjọ́ sì gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ní ilé ẹjọ́, kò sí ẹni tó ni ìdàrọ́ Kabwe. Àmọ́ lórí òkìtì gan-an, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń du ara wọn. Síǹkì àti òjé ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn kọ́ńpìnnì ń gba ẹ̀tọ́ láti tún un yọ́, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣọ́bìrì wà á, ìròyìn Human Rights Watch ti oṣù Kẹta 2025 sì fi hàn pé wọ́n ń kó ìdàrọ́ olójèé náà láti Òkè Dúdú lọ sí apá ibòmíràn nínú ìlú. Wọ́n ń kó èyí tó ṣeé tà, èyí tó ń pa ọmọ ń bá atẹ́gùn lọ.

Manganese kì í ṣe òjé, mo mọ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣí ní Moanda ní 2015 láti máa ṣe manganese tó mọ́, mọ̀lẹ́bí ilé iṣẹ́ síǹkì ni: ásíìdì ni, asẹ́ ni, iná mànàmáná ni. Ìsun omi Grand Poubara tí wọ́n ṣí ní 2013 ló ń fún un níná. Tọ́ọ̀nù 20,000 manganese tó mọ́ lọ́dún ni wọ́n kọ́ ọ fún, àti 65,000 irú èyí tí wọ́n pò mọ́ silicon. Bí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí i, ìdàrọ́ inú asẹ́ náà á pọ̀ sí i. Ṣáínà tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù ní ayé ní òkìtì irú ìdàrọ́ yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ti di ìṣòro fún odò wọn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Owendo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé iṣẹ́ náà ná. Àwọn ọ̀dọ́ kò níṣẹ́, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀." Kò kúkú sọ̀rọ̀ burúkú. Èsì mi fún un ni pé ìgbà tí wọn kò tíì kọ́ ọ náà ni ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ rọrùn jù lọ. Ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, ìjọba lágbára láti sọ ibi tí ìdàrọ́ máa wà àti irú ilẹ̀ tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, katakata ni yóò kù, bí owó bá wà lórí ẹrẹ̀ náà.

Inú ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wọlé ṣáájú 2029 ni mo fẹ́ ti rí orúkọ odò tó sún mọ́ ọn jù lọ, àti ohun tí wọ́n bá nínú omi rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará abúlé sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí kọ́ńpìnnì bá tà á fún ẹlòmíràn, gbèsè ìdàrọ́ ń bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dé ilé ẹjọ́ wí pé òun kọ́ ló ni ín. Mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ iye tó máa kan àwọn tó ń gbé létí odò nígbà tí ìdàrọ́ náà bá di ọjà ní 2050 tàbí 2060, torí Moulili ti fi hàn pé ó lè di ọjà. Àwọn aṣòfin wà ní Libreville níbí, ibi tí wọ́n ti ń jókòó kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi.